Ẹ Béèrè Orúkọ Èérí Kí Ẹ Tó Fọ̀ Ọ́

Kò sí ẹni tó ń gba máàkì lórí fífọ ìgò láàbù. Bí a bá ti parí practical, tí a ti kọ èsì wa sílẹ̀, ńṣe ni a máa ń sáré da omi sí burette, kí a gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí a sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Èérí tó bá kọ̀ tí kò lọ, a ó fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Èmi ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yẹn nígbà tí mo lọ ṣe IT, iṣẹ́ ìgò fífọ̀ yìí ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba èémí lẹ́nu mi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Kí ẹ tó wá ohun tí ẹ ó fi fọ èérí, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí èérí náà jẹ́. Gbogbo ohun tó kù nínú àròkọ yìí, àlàyé lórí gbólóhùn kan yẹn ni.

Ìgò tí kò ní orúkọ

Láàbù tí mo ti ṣe IT kò tóbi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, ọ̀gá tó ń bójú tó wa kó burette mẹ́fà àti ìgò líta kan fún mi, wọ́n ní kí n fọ̀ wọ́n mọ́ kí ọjọ́ Ajé tó dé. Inú gbogbo wọn ló ti pọ́n rúsúrúsú. Ti ìgò náà ló burú jù: èérí rẹ̀ ti nípọn bí èèpo igi, ó lẹ̀ mọ́ ọn láti ìdí títí dé ọrùn. Lébẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ ti ṣí dànù.

Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò lọ. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, kò lọ. Mo wá jókòó, mo ń wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró lórí Òkè Màpó rí, níwájú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí ní 1929, tó sì wo ìsàlẹ̀ lọ sápá Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, yóò mọ àwọ̀ tí mo ń wí. Àwọ̀ páànù tí òjò ti ń pa láti ọ̀pọ̀ ọdún ni. Abẹ́ irú páànù bẹ́ẹ̀ ni mo dàgbà sí ní Bẹ́yẹrúnkà. Mo bá sọ fún ara mi pé, “Irin tó dógùn-ún nìyí. Hydrochloric acid sì máa ń jẹ irin tó dógùn-ún.” Gbólóhùn kejì yẹn tọ̀nà. Ti àkọ́kọ́ ni kò tọ̀nà.

Mo gbé ásíìdì náà, èyí tó ki gan-an tí a kò tíì bomi là, mo da nǹkan bí ìdajì ife sínú ìgò náà. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, a sì ti pa fèrèsé dé. Èérí náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, inú mi sì ń dùn. Mo tẹrí ba kí n lè rí inú ìgò dáadáa. Afẹ́fẹ́ kan ti kún ibẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ti ewé àti ti ìyeyè. Òórùn rẹ̀ jọ ti Hypo tí a fi ń fọ aṣọ funfun, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ fíìfíì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo mí i sínú. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n da ata rodo lílọ̀ sí mi lọ́nà ọ̀fun. Ojú mi ń ṣomi, àyà mi dì, mi ò lè fa èémí wọlé.

Ọ̀gá náà ló fà mí jáde sí gbangba. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọ yàrá náà, wọ́n sì gba ẹ̀yìn ilé lọ ṣí fèrèsé láti ìta. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà sì ní kí n dúpẹ́ pé díẹ̀ ni mo mí sínú. Ikọ́ náà bá mi jà fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìbéèrè Ìyá Àgbà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo wọ máíkírà, mo sọ̀ ní Bẹẹrẹ, mo sì fẹsẹ̀ rìn wọ Bẹ́yẹrúnkà. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni mò ń gbé. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń sè láti ìgbà èwe wọn, Ọjà'ba ni wọ́n sì ń tà á sí. Wọ́n gbọ́ ikọ́ mi, wọ́n ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè pé:

“Kí ló wà nínú ìgò yẹn tẹ́lẹ̀?”

“Mi ò mọ̀, mà.”

“O ò béèrè?”

“Mi ò béèrè, mà. Mo rò pé irin tó dógùn-ún ni.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Àwọ̀ rẹ̀ ni mo wò, mà.”

Wọ́n mi orí. “Ọmọ mi, àwọ̀ kì í ṣe orúkọ. Bí wọ́n bá kó aṣọ funfun mẹ́ta wá bá mi, kí àbààwọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ́n bákan náà, ọ̀kan lè jẹ́ ti ìṣó, ọ̀kan ti epo, ọ̀kan ti oje ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ti ìṣó, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni n ó fi fọ̀ ọ́. Ti epo, ọṣẹ ni, lẹ́yìn náà n ó sá a sóòrùn. Ti oje ọ̀gẹ̀dẹ̀, n ó ní kí ẹni tó ni ín máa wọ̀ ọ́ lọ oko. Bí mi ò bá béèrè, báwo ni n ó ṣe mọ èyí tí n ó fi fọ èwo?”

Mo ti ń kọ́ kẹ́mísìrì bọ̀ láti ọdún pípẹ́, kò sì sí olùkọ́ tó là á yé mi tó bẹ́ẹ̀. Ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń di irin mú, á sì fà á wọ inú omi. Ọṣẹ máa ń gbé epo kúrò lára aṣọ, oòrùn á sì ba àwọ̀ pupa tó kù jẹ́. Ohun kan kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

Ohun tó wà nínú ìgò náà gan-an

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wa sọ fún mi pé potassium permanganate ni wọ́n máa ń tọ́jú sínú ìgò náà. Gbogbo ẹni tó ti ṣe titration rí ló mọ omi aláwọ̀ àlùkò yẹn. Bó bá pẹ́ nínú ìgò, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa bàjẹ́, yóò sì fi manganese dioxide sílẹ̀ lára dígí. Manganese dioxide yìí ló pọ́n rúsúrúsú bí páànù àtijọ́. Kò sí irin kankan nínú rẹ̀.

Manganese dioxide máa ń gba electron lọ́wọ́ nǹkan mìíràn. Nígbà tí mo da hydrochloric acid tó ki lé e lórí, ó gba electron lọ́wọ́ chloride inú ásíìdì náà, ó sì sọ ọ́ di chlorine:

MnO₂ + 4HCl → MnCl₂ + Cl₂ + 2H₂O

Ọ̀nà yìí gan-an ni Carl Wilhelm Scheele, onímọ̀ kẹ́mísìrì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Sweden, gbà pèsè chlorine fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1774. Ohun tí òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ni mo ṣe láìmọ̀. Chlorine wúwo tó afẹ́fẹ́ lọ́nà méjì ààbọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi fò lọ, tó kún inú ìgò tó ń retí imú mi. Gáàsì yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ lójú ogun ní Ypres, ní ilẹ̀ Belgium, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin, 1915.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fiyè sí nǹkan kan: àbààwọ́n náà lọ. Ìgò náà mọ́ tónítóní. Bí mo bá ti wà lẹ́bàá fèrèsé tó ṣí, ǹ bá gbà pé mo ti rí ọ̀nà tó dára, ǹ bá sì kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Pé èérí lọ kò fi hàn pé ọ̀nà tí a gbà fọ̀ ọ́ dára.

Omi eérú àti èérí ọlọ́ràá

Kí n tó to àwọn èérí lẹ́sẹẹsẹ, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ẹ̀yìnkùlé wa, nítorí ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tí a ń pè ní base bath láìmọ̀ pé òun ni.

Ìyá Àgbà máa ń jó èèpo kòkó gbígbẹ di eérú. Wọ́n á kó eérú náà sínú ìkòkò tí wọ́n ti dá ihò wẹ́wẹ́ sí ní ìdí, wọ́n á gbé e ka orí ìkòkò mìíràn, wọ́n á wá máa rọra bu omi lé e. Omi tó bá ń kán sísàlẹ̀ á dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Omi eérú nìyẹn. Potassium pọ̀ gan-an nínú eérú èèpo kòkó, potassium carbonate sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà. Bí wọ́n bá sè é pọ̀ mọ́ àdín, ọṣẹ ni yóò dà.

Láti mọ̀ bóyá ó ti le tó, wọ́n á ti ọmọ ìka kan bọ̀ ọ́, wọ́n á fi àtàǹpàkò pa á. Bó bá ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, ó ti le nìyẹn. Ìyọ̀ yẹn, ọṣẹ ni: omi eérú ti ń sọ ọ̀rá ara ìka wọn di ọṣẹ. Ìka Ìyá Àgbà ti yi láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má ṣe dán an wò pẹ̀lú alkali láàbù o.

Nǹkan kan tún wà tí wọ́n máa ń ṣe. Okùn dúdú kan máa ń wà lọ́rùn kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n bá rọ omi eérú sí. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ inú agbo ilé wa ló mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì olókùn dúdú. Ọmọdé tó bá rò pé tíì ni, tó sì gbé e mu, ọ̀fun rẹ̀ yóò bó. Okùn yẹn ni lébẹ́ẹ̀lì wọn.

Base bath tí a ń lò ní láàbù, ọmọ ìyá omi eérú ni, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ púpọ̀. A ó tu potassium hydroxide sínú omi díẹ̀, yóò gbóná bó ti ń yọ́, bó bá sì ti tutù a ó fi ethanol tàbí isopropanol kún un. Inú ọpọ́n oníke tó ní ìdérí ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí. A kì í lo ọpọ́n aluminium, nítorí alkali á jẹ ẹ́, á sì tú hydrogen jáde. Omi yìí máa ń tú ọ̀rá, ó sì ń tú èérí dúdú tó jóná mọ́ ìdí flask. Ó tún lè gbiná, nítorí ọtí líle wà nínú rẹ̀. Iná kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Bó bá kan ojú, ó lè fọ́ ojú pátápátá.

Alkali máa ń jẹ dígí fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, burette, pipette àti volumetric flask kò gbọ́dọ̀ wọ inú base bath, kí ìwọ̀n wọn má baà yí padà. Àwọn yòókù náà, kí wọ́n má pẹ́ níbẹ̀ ju òru kan lọ. Bí wọ́n bá jáde, a ó fi omi ṣàn wọ́n dáadáa, a ó fi ásíìdì tí a ti bomi là ṣàn wọ́n, a ó sì tún fi omi ṣàn wọ́n.

Èérí kọ̀ọ̀kan àti ohun tí a fi ń fọ̀ ọ́

Ìlànà tó wà nídìí púpọ̀ nínú èyí tí mo fẹ́ kà yìí kò ju mẹ́ta lọ. Ohun tó bá jẹ́ base, ásíìdì ló ń tú u. Ọ̀rá, alkali àti ọṣẹ ló ń tú u. Ohun tó bá ń gba electron, ẹ fún un ní ohun tó máa fún un ní electron láìtú gáàsì olóró jáde.

Permanganate (pupa rúsúrúsú): Ẹ lo oxalic acid pẹ̀lú sulphuric acid díẹ̀ tí a ti bomi là. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọ̀ náà á parẹ́, ẹ ó sì rí ìfóófòó. Carbon dioxide lásán ni. Májèlé ni oxalic acid bí ó bá dé ẹnu, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Bí kò bá sí i, vitamin C tí a rà ní ilé òògùn, tí a lọ̀, tí a sì tú sínú omi, máa ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Irin tó dógùn-ún (pupa rúsúrúsú bákan náà): Oxalic acid ni, tàbí hydrochloric acid tí a ti bomi là. Ẹ rí i pé oxalic acid ń fọ èyí àti permanganate. Bí mo bá ti mú òun lọ́jọ́ yẹn, àṣìṣe mi kì bá ti pa mí lára.

Iodine (pupa tàbí ìyeyè): Sodium thiosulphate. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò funfun.

Silver (dúdú, tàbí tó ń dán bíi dígí ìwojú): Nitric acid tí a ti bomi là, nínú fume cupboard. Ẹ tọ́jú omi rẹ̀ sínú ìgò ìdọ̀tí tó wà fún silver. Ẹni tó bá ṣe Tollens' test kò gbọ́dọ̀ fi omi náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí ohun tó lè bú gbàmù máa ń jókòó sí ìdí rẹ̀. Ọjọ́ náà ni a ń fi ásíìdì tí a ti bomi là pa á, tí a sì ń dà á síbi tó yẹ.

Ẹfun ara ìgò (funfun, láti inú omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ tí a sè): Fínígà, omi ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí hydrochloric acid tí a ti bomi là. Yóò hó díẹ̀, yóò sì lọ.

Copper oxide àti irú wọn (dúdú): Hydrochloric acid tí a ti bomi là. Ẹ má ṣe lò ó fún ohun dúdú tí ẹ kò mọ̀.

Aró (búlúù): Àwọn aláró ìlú wa mọ̀ pé indigo inú èlú kì í yọ́ nínú omi lásán. Inú omi eérú, níbi tí ìkòkò ti kan dáadáa, ló ti ń yọ́. Ní láàbù, sodium dithionite nínú alkali díẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ìkòkò yẹn.

Vaseline àti epo: Ẹ fi tísù nu èyí tó pọ̀ jù kúrò. Ẹ fi hexane díẹ̀ nu èyí tó kù, kí ẹ tó lo omi gbígbóná àti ọṣẹ.

Èérí tó jóná mọ́ ìdí flask: Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ gbígbóná mọ́jú. Bí kò bá lọ, ẹ lo acetone díẹ̀. Bí kò bá tún lọ, ẹ jẹ́ kí acetone náà gbẹ tán, kí flask tó wọ base bath.

Yanrìn àti eérú gbígbẹ tí a fi ń ha ìdí ìkòkò dára fún ìkòkò. Fún dígí, rárá. Ojú ibi tí yanrìn bá ha ni èérí á ti máa rí ibi lẹ̀ mọ́ sí i, ibẹ̀ náà sì ni dígí á ti là bó bá gbóná.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ pàdé

Ẹ má da Hypo pọ̀ mọ́ ásíìdì kankan, ìbáà jẹ́ fínígà, ìbáà jẹ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́. Chlorine tó bá mi jà ni yóò jáde. Ọ̀rọ̀ ilé nìyí pẹ̀lú, kì í ṣe ti láàbù nìkan. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé yín. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ammonia pẹ̀lú, nítorí gáàsì mìíràn tó ń pani lára ni yóò tú jáde.

Ẹ má jẹ́ kí nitric acid pàdé acetone tàbí ethanol. Ó lè gbiná, ó sì lè bú. Ẹ má jẹ́ kí acetone àti chloroform pàdé níbi tí alkali wà. Nítorí èyí ni ìgò ìdọ̀tí tó wà fún chloroform fi gbọ́dọ̀ dá dúró.

Ẹ ó ka nípa piranha lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn sulphuric acid pẹ̀lú hydrogen peroxide. Ó ń fọ nǹkan mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí acetone díẹ̀ bá kù nínú ìgò tí ẹ dà á sí, ó lè bú mọ́ yín lójú. Kì í ṣe iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Bí a bá sì ń bomi la ásíìdì, ásíìdì ni a ń dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀. A kì í da omi sínú ásíìdì.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ẹ̀gbọ́n wa

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ lọ́kàn pé, “Chromic acid ńkọ́?” Ìgò ńlá tí omi inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tí potassium dichromate ti yọ́ sínú sulphuric acid tó ki, kì í wọ́n ní láàbù ìgbà yín. Òun ni ẹ fi ń fọ gbogbo nǹkan, kò sì sí èérí tó lè dúró níwájú rẹ̀.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé chromium(VI) inú rẹ̀ máa ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Inú ìsọ̀rí kìn-ín-ní ni àjọ IARC, tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé, fi í sí. Ó tún máa ń fi chromium díẹ̀ sílẹ̀ lára dígí, èyí tó lè ba èsì ẹni tó ń wá irin wẹ́wẹ́ nínú omi jẹ́. Ohun tí a bá sì dà sí gọ́tà nílùú yìí, inú odò bí Ògùnpa àti Kúdẹtì ló lè parí sí, àwọn kan sì ń fọṣọ níbẹ̀. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu yín. Ohun tí wọ́n kọ́ yín ni ẹ lò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti di ọ̀gá ní láàbù tiyín báyìí, tí ìgò náà ṣì wà ní kọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kọ́ àwọn ọmọ. Nítorí pé gbogbo nǹkan ló ń fọ̀, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè orúkọ èérí.

Bí a ṣe ń tò ó

1. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ lò ó. Èérí tuntun kì í ṣe agídí. Òru ló ń kọ́ ọ ní agídí.

2. Ẹ béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ má fi ásíìdì dán an wò. Ẹ kọ “A kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀” sí i lára, kí ẹ gbé e fún ọ̀gá láàbù.

3. Ẹ wọ awò ojú, ìbọ̀wọ́, aṣọ láàbù àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ wò ó bóyá dígí náà ti là.

4. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọ̀: omi, lẹ́yìn náà ọṣẹ, lẹ́yìn náà ohun tó bá èérí náà mu. Ẹ fi omi ṣàn án láàárín ọ̀kan sí èkejì.

5. Ẹ fi omi díẹ̀ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta dípò omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ká ní mílílítà 1 ló ṣẹ́kù nínú flask. Bí ẹ bá da mílílítà 30 sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ sì dà á nù títí ó fi ku mílílítà 1, ìdá kan nínú 31 èérí náà ló kù. Bí ẹ bá pín in sí mílílítà 10 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìdá kan nínú 1,331 ló kù. Omi kan náà ni o. Distilled water ni ẹ fi parí rẹ̀.

6. Ẹ wo bí omi ṣe ń ṣàn lára dígí. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ láìjá, ó ti mọ́. Bó bá ń ṣù jọ bí ìrì lórí ewé kókò, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀.

Bí ásíìdì tàbí alkali bá kan ara tàbí ojú, omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn. Bí gáàsì bá jáde, ẹ jáde sí gbangba, ẹ má sì padà wọlé nítorí fóònù tàbí báàgì.

Ọjọ́ Ajé

Àwọn burette mẹ́fà ṣì wà tí mi ò tíì fọ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá wa gbé oxalic acid fún mi, wọ́n sì dúró tì mí. Mo dà á sí àkọ́kọ́. Ìfóófòó kékeré gòkè lára dígí, àwọ̀ rúsúrúsú náà sì ń ká kúrò lókè bí òjìji, títí mo fi lè ka nọ́ńbà ara burette láti ẹ̀yìn. Kò rùn. Kò sí ẹni tó wúkọ́ àfi èmi, ikọ́ àtẹ̀yìnwá sì ni.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Ìyá Àgbà pé gbogbo rẹ̀ ti mọ́. Wọ́n ń fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ ìkòkò lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè.

“Ìgò ńlá yẹn ńkọ́? Ṣé o ti so okùn mọ́ ọn lọ́rùn?”

Mi ò tíì so nǹkan kan mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, kí n tó ṣe ohunkóhun, mo mú lébẹ́ẹ̀lì tuntun, mo kọ potassium permanganate sí i gàdàgbà pẹ̀lú ọjọ́ tí mo kọ ọ́, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìgò náà.